Irin Tó Dènà Olè Ló Há Onílé Mọ́lé

Nígbà tí olè wọ ilé onígbàjámọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àdúgbò kò fi sùn dáadáa. Ohun tí wọ́n kó kò tó nǹkan: rédíò kan, ẹ̀rọ ìgẹrun méjì àti bàtà tuntun kan. Ohun tó ba gbogbo ènìyàn lẹ́rù ni pé ọ̀sán gangan ni wọ́n wọlé. Wọ́n yọ gíláàsì fèrèsé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń bó ọsàn.

Ilé tó kángun sí ti onígbàjámọ̀ ni ilé Bàbá Ọgbà. Ilé àtijọ́ ni, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ilé ìtẹ̀wé ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ló kù tó ń gbé. Ó gbin ata, tòmátì, ilá àti òdòdó oríṣiríṣi síbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Bó bá ti dé inú ọgbà, á gbé ọ̀pá ti ògiri, á máa ti ara ebè kan bọ́ sí òmíràn, á máa bá ewé sọ̀rọ̀.

Màmá, ìyàwó rẹ̀, agbẹ̀bí ni nígbà kan rí. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, àwọn méjèèjì sì ti ní ilé tiwọn. Àwọn àgbàlagbà méjì yìí nìkan ló kù nínú ilé.

Àkọ́bí wọn, ọkùnrin, ọkọ̀ ẹrù ló ń wà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó gbọ́ nípa olè náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ó mú wẹ́dà dání wá sílé.

"Gbogbo fèrèsé ni o, ọ̀gá wẹ́dà. Irin tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ bá mi gbé géètì irin sí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn náà."

Wẹ́dà yí ilé po. Ó fi ìka kan igi fèrèsé, igi náà sì rún mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ikán ti jẹ igi yìí tán," ó ní. "Inú ògiri ni mo máa ri irin mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi àgbékọ́ sí ti yàrá Bàbá, kó lè máa ṣí bí ilẹ̀kùn láti inú. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á rí ibi gbà jáde."

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ohun tó bá ṣí láti inú, olè á wá bó ṣe máa ṣí i láti ìta."

"Mo máa fi bọ́ọ̀tì rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ìta ò lè dé."

"Ọ̀gá, ojú títì ni mo máa ń wà. Ẹ dí i pa fún mi, kí n lè máa fọkàn balẹ̀ wakọ̀."

Bàbá jókòó sórí àga níwájú ilé, ó ń gbọ́ wọn.

"Ẹyẹ lẹ fẹ́ máa sìn nínú ilé yìí ni?" ó béèrè. "Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n gbin òdòdó ẹlẹ́gùn-ún sábẹ́ fèrèsé. Olè tó bá gba ibẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ló máa fi san owó ibodè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù. Wẹ́dà ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Iṣẹ́ tó dára ló ṣe. Irin náà wọ inú ògiri ṣinṣin, bí ẹ bá gbá a mú, tẹ́ ẹ sì fi gbogbo ara mì í, kò ní mira.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn iṣẹ́ náà, Bàbá ṣí géètì iwájú sílẹ̀, ó wà lẹ́yìnkùlé tó ń tu koríko. Ẹnì kan wọlé gbé sílíńdà gáàsì lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá ti ń jáde, á ti géètì méjèèjì pa láti ìta, á sì kó ìdì kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀. Ìdì kan ṣoṣo ló wà.

"Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ sílé," á ní. "Mi ò ní pẹ́."

Bàbá kì í jiyàn. Onígbàjámọ̀ rí i lọ́jọ́ kan tó dúró lẹ́yìn géètì ẹ̀yìn, tó na ọwọ́ jáde láàárín irin, tó ń fi ife da omi sí ìdí ata tó sún mọ́ ọn jù. Àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, omi rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Wáyà iná ilé náà, ti ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn fíríìjì ti ń gbóná, ó ń dún ṣàṣà bí ohun tí wọ́n ń dín, òórùn rọ́bà tó jóná sì máa ń wà ní pálọ̀ ní ọ̀sán.

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn tún ti ń rùn o," Màmá sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ rọra máa lò ó, Màmá. Tí mo bá ti dé, a ó pe oníná."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló dé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sùn títí di ọjọ́ kejì nítorí àárẹ̀ ọ̀nà, tó sì padà lọ. Màmá náà kò pe oníná fúnra rẹ̀. Ó ní òun ń dúró de ọmọ.

Ọjọ́rú kan, Màmá lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọsibítù. Ara Bàbá gbóná díẹ̀, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá bu omi sínú ife sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti géètì, ó lọ. Èrò pọ̀ ní ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù. Onígbàjámọ̀ ń gẹ orí oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tó gbóòórùn. Ó bojú wòta, ó rí èéfín dúdú tó ń ti abẹ́ páànù ilé Bàbá Ọgbà jáde. Ó ju ẹ̀rọ sílẹ̀. Oníbàárà náà sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ààbọ̀ orí tí wọ́n ti gẹ̀.

Àgádágodo wà lẹ́nu géètì iwájú. Wọ́n sáré yí ilé po. Àgádágodo wà ní ti ẹ̀yìn náà. Bàbá ti dìde, ó ti rìn dé ojú fèrèsé yàrá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú.

"Bàbá, kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ."

"Ṣé ẹ lè gba pálọ̀?"

"Iná wà ní pálọ̀."

Onígbàjámọ̀ fa díígà Bàbá yọ nínú ọgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ògiri níbi tí irin ti wọlé. Àwọn ará àdúgbò ti ń dé. Àwọn kan ń da omi, àwọn kan di irin mú, wọ́n ń fà á. Ẹnì kan pe panápaná. Ẹlòmíràn gun ọ̀kadà lọ pe wẹ́dà.

"Ẹ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, Bàbá. Ẹ fi aṣọ bo imú."

Ó dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún fi fara ti ògiri dìde, nítorí èéfín ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ojú fèrèsé nìkan ló sì kù tí atẹ́gùn wà. Ó ń wúkọ́. Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín irin, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbẹ́ ògiri.

"Ọwọ́ rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Rọra."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, Bàbá sì ṣubú lulẹ̀.

Wẹ́dà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gé irin. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ jáde láti tan án. Kí ó tó gé irin mẹ́ta, kí wọ́n tó fa Bàbá jáde, ọkọ̀ panápaná ti ń wọ òpópónà. Bàbá ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ. Kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnu géètì iwájú ni wọ́n ti bá Màmá. Ó ti dé láti ọsibítù, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ihò àgádágodo. Wọ́n ní, "Màmá, wọ́n ti gbé wọn jáde." Ó ṣì ń wá ihò náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, onígbàjámọ̀ lọ bẹ ọ̀gá panápaná kan, obìnrin, pé kó wá bá àdúgbò sọ̀rọ̀. Wọ́n kó àga sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màmá wà níbẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó tì í. Àkọ́bí jókòó lẹ́yìn pátápátá.

Kí obìnrin náà tó la ẹnu, àkọ́bí dìde.

"Èmi ni mo pa bàbá mi," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ bò ó fún mi."

"Mi ò wá dájọ́ fún ẹnikẹ́ni," ọ̀gá panápaná dá a lóhùn. "Olè wà lóòótọ́, ó sì yẹ kẹ́ ẹ dáàbò bo òbí yín. Irin kọ́ ni àṣìṣe. Irin tí kò ṣí láti inú ni. Iná kò dé ara Bàbá rárá. Èéfín ni. Èéfín kì í fúnni láyè tó bí a ṣe rò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

Wẹ́dà wà lórí ìdúró. "Mo sọ ọ́ nígbà yẹn," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò tẹnu mọ́ ọn. Mo ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi."

Àkọ́bí rọra padà jókòó.

Màmá ló béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ó máa ń gbàgbé géètì sílẹ̀. Ta ló yẹ kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún?"

"Òun náà ni, Màmá. Ẹni tó wà nínú ilé ló ni kọ́kọ́rọ́. À á gbé e kọ́ sí ara ògiri inú ilé, nítòsí ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó, tí ọwọ́ ẹni tó wà níta kò sì ní tó. Ẹ̀dà kejì á wà lọ́wọ́ aládùúgbò tẹ́ ẹ fọkàn tán. Sílíńdà á ṣeé rà padà."

Màmá mi orí. "Mo gbọ́," ó ní. Lẹ́yìn náà ló bojú wo ilẹ̀, kò sì gbé e sókè mọ́ títí ìpàdé fi parí.

Láàárín oṣù kan, wẹ́dà ti gé irin fèrèsé ní ilé mọ́kànlá ládùúgbò náà, ó sì fi àgbékọ́ àti bọ́ọ̀tì sí wọn. Àkọ́bí gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti máa bá a di irin mú. Kò gba nǹkan kan. Ìyá kan ní òpin òpópónà kọ̀ jálẹ̀, ó ní olè ni òun bẹ̀rù, òun kò bẹ̀rù iná. Irin tirẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Màmá ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀. Koríko ti bo ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́, tàbí tí òbí yín ń gbé inú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Ẹ fi irin sí fèrèsé bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n nínú gbogbo yàrá tí èèyàn ń sùn sí, kí fèrèsé kan wà tí irin rẹ̀ ń ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Ẹ máa fi òróró sí i kó má dípẹtà. Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún dára lábẹ́ àwọn fèrèsé tó kù, kì í ṣe lábẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa gbà jáde. Ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbàlagbà, aláìsàn tàbí ọmọdé sínú ilé láé, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń gbóná, tó ń dún tàbí tó ń rùn, ẹ pa iná rẹ̀ láti orísun, níbi mítà, ẹ má sì lò ó mọ́ títí oníná tó mọṣẹ́ yóò fi dé. Ẹ má dúró de ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ rá kòrò lọ sẹ́nu ọ̀nà, nítorí òkè ni èéfín máa ń wà. Ẹ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn yín, ẹ má padà wọlé lọ kó ẹrù, kẹ́ ẹ sì pe panápaná.

Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sọ fún ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín pé kó dá ṣí irin fèrèsé yàrá rẹ̀, kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ máa wò ó. Bí kò bá lè ṣí i, ẹ pe wẹ́dà padà.