Ihò Ara Ògiri Màmá Mannoubia

"Ògiri yìí ló bo gbogbo ẹwà ilé yìí mọ́lẹ̀," Àǹtí Sirine wí fún Emna.

Bí wọ́n ti ń kọ́lé ní ìgboro àtijọ́ Tunis ni wọ́n kọ́ ilé náà. Ẹni tó bá wọlé yóò bá ògiri pàdé, yóò yà sápá òsì, kó tó rí àgbàlá. Nípa bẹ́ẹ̀, ojú èrò ọ̀nà kì í dé ara onílé.

Emna, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ dà bí Àǹtí Sirine, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, tó tún di olùṣètò àfihàn iṣẹ́ ọnà, tó so méjèèjì pọ̀ títí òkìkí rẹ̀ fi dé Paris.

"Ihò kékeré báyìí la máa lu, kí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá sí àfihàn wa níbí lè máa wo àgbàlá láti ìta. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Màmá àgbà ò ní gbà."

"Ta ló ní kó o bi wọ́n? Ṣé o fẹ́ ṣe igbákejì mi àbí o ò fẹ́?"

Nígbà tí Màmá Mannoubia, ìyá àgbà rẹ̀, lọ sí ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò ní ìgboro, Emna ṣílẹ̀kùn fún àwọn bíríkìlà.

Màmá dé, ó wo ihò náà títí. "Emna, ta ló gún ilé mi lójú?"

"Wọ́n á dí i tí àfihàn bá parí, Màmá."

Màmá wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ àfihàn, àwọn àlejò ń tu kóró ólífì sídìí òdòdó ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń ti orí bọ ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Màmá rò pé wọ́n ti lọ, ó jáde wá bomi láìborí, òun tí àjèjì kì í rí irun orí rẹ̀. Ọkùnrin kan na fóònù gba inú ihò náà wọlé láti ya á.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ má tíì borí."

Àǹtí Sirine rẹ́rìn-ín. "Ó mà dára o. Àfi bíi pé a kọ́ wọn."

Ẹ̀rín yẹn rí Emna lára, ọwọ́ tirẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn sì tún rí i lára ju ẹ̀rín lọ. Ó sáré wọlé, ó fi ẹ̀yìn dí ihò náà.

"Kúrò níbẹ̀. Bó o bá dúró, o kì í ṣe igbákejì mi mọ́."

"Ẹ wá ẹlòmíràn, Àǹtí."

Emna fúnra rẹ̀ ló po sìmẹ́ǹtì tó dí ihò náà. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, Màmá kì í jáde sí àgbàlá ara rẹ̀ mọ́ láìwé gèlè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìmọ̀ dára, òkìkí náà dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá tú ìyá rẹ̀ síhòòhò kí ayé lè mọ̀ ọ́n, ohun ìríra ni ayé yóò mọ̀ ọ́n sí.