Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìbò Òṣèré

Orí àga ni ọkùnrin náà dúró sí, ó fi eyín há sẹ́lótéèpù, ó ń lẹ ojú ewé ìwé ìròyìn kan mọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Táíwò Road, àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá sì yí i ká, wọ́n ń bá ojú ewé náà jà bí ẹni pé ó lè dá wọn lóhùn. Ibẹ̀ ni Jọmílójú ti kọ́kọ́ rí Ayọ̀díjí, tí wọ́n ń pè ní Díjí. Inú ń bí obìnrin náà lọ́jọ́ náà, kò sì wá wo ẹwà ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà mọ́, àti pé nígbà tó rẹ́rìn-ín tí sẹ́lótéèpù bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbá a mú kó tó kanlẹ̀.

Ọdún 1996 ni. Ìwé ìròyìn àwọn òṣèré kan tó ń jáde ní Èkó ló ti gbé orúkọ àwọn tí wọ́n yàn láti du àmì-ẹ̀yẹ ọdún náà jáde, òun ni Díjí ń lẹ̀. Orúkọ obìnrin méjì ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀kan ni Sísí Mopé, ọmọge tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo. Èkejì ni Màmá Àsàbí, arúgbó tó ṣe ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri gáréèjì nínú fíìmù kan.

Jọmílójú kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ Díákónì Adépọ̀jù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Adéwọlé. Nínú ilé wọn, wọn kì í wo fíìmù. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú báàgì rẹ̀ ló gbé e wá. Díjí ni ìjọ wọn pè láti ya ìkórè wọn sínú fídíò. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn àgbà ìjọ jókòó láti wò ó. Bí ẹgbẹ́ akọrin ti kọrin tán báyìí, àwòrán mì, arúgbó kan yọ ní gáréèjì, ó ń sunkún, ó ń bi àwọn awakọ̀ bóyá wọ́n rí ọmọ òun. Àwọn àgbà ìjọ ya ẹnu sílẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnì kan tó rántí pa á.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ibí?" ni Jọmílójú bi í.

"Èmi ni, mà."

"Kí ni fíìmù ń wá láàárín ìkórè wa?"

Àwọn tó ń jà yíjú sí i. Díjí sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó gba kásẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ní òun ò ní purọ́. Tuntun tí òun rà fún ìkórè já ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Òun wá mú kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kan, òun lẹ sẹ́lótéèpù dí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè gba àwòrán tuntun, òun sì rò pé ìkórè yóò bo fíìmù náà mọ́lẹ̀ tán. Ìkórè ló kúrú.

"Ìkórè wa ló kúrú?"

"Rárá o, mà. Fíìmù ló gùn."

Ó kù díẹ̀ kí Jọmílójú rẹ́rìn-ín. Ó gbé e mì. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ báyìí, àfàìmọ̀ kó má ní èyí tó tóbi jù tó ń fi ìjẹ́wọ́ kékeré bò.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe Mansur ayafọ́tò, tó fẹ́ràn Sísí Mopé tó bẹ́ẹ̀ tó lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ara ọ̀kadà rẹ̀. Ìwé ìròyìn náà ti sọ pé àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù fídíò lè dìbò pọ̀. Kí oníkálùkù kọ orúkọ òṣèré tó fẹ́ sórí ìwé, kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n dì í ránṣẹ́ sí Èkó. Díjí ti kan àpótí onígi. Ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọn ò rí. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti fagi lé ìbò ààrẹ, kò sì sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ tún balẹ̀ lórí àpótí ìbò, ì báà ṣe ti òṣèré. Gbogbo wọn mọ̀ pé ti Màmá Àsàbí ni Díjí ń ṣe.

"Tíṣà yìí ni kó mú kọ́kọ́rọ́," ni Mansur wí. "Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Wálláhì, ẹni tó bínú sí Díjí tó báyìí kò lè bá a ṣe màgòmágó."

Jọmílójú gbà. Ohun tó sọ fún bàbá rẹ̀ ni pé òun fẹ́ máa ṣọ́ ọkùnrin náà.

Ó sì ṣọ́ ọ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi okùn kọ́ kọ́kọ́rọ́ náà sọ́rùn, lábẹ́ aṣọ, bó bá sì ti jáde nílé-ìwé, á yà sí ṣọ́ọ̀bù láti wò bóyá àpótí ṣì wà ní títì. Lọ́jọ́ kìíní, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó. Díjí ń pè é ní Alága Ìbò, ó ń ra ẹ̀pà díndín pamọ́ dè é, ó ń bi í léèrè bóyá ìjọba rẹ̀ yóò fún òun láyè láti fọwọ́ kan àpótí náà kí òun lè nu eruku rẹ̀. Jọmílójú ní kó mú àńkáṣífì tirẹ̀ wá, kó nù ún níṣojú òun. Lọ́sẹ̀ kejì, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Obìnrin opó kan wà, Binta onítùràrí, tó máa ń wá yá kásẹ́ẹ̀tì. Ìgbàkígbà tó bá dé, òun àti Díjí á bọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, Binta á sì ti nǹkan bọ abẹ́ híjáàbù. Jọmílójú bi Díjí léèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ oníbàárà ni. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Díjí ní òun fẹ́ wá kí Bàbá. Jọmílójú ló kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ nílé. Díákónì Adépọ̀jù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi í bóyá ẹni tó da fíìmù sáàárín orin ìyìn náà ni. Ó ní òun náà ni.

"Mi ò bá ọ du ọkàn rẹ," ni Bàbá wí. "Ìwọ lo sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí o bá lè dúró níwájú mi, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé olóòótọ́ ni, kó wá. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ bí o kò bá mọ̀ ọ́n."

Jọmílójú fi ọ̀rọ̀ náà sí àdúrà. Ó rò pé bí wọ́n bá ṣí àpótí, tí gbogbo rẹ̀ mọ́, òun yóò lè sọ ọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, níṣojú gbogbo wọn, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí i. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: Mopé, Mopé, Àsàbí, Mopé, oníkálùkù pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ kan ìdì kan tí wọ́n fi rọ́bà so. Màmá Àsàbí ni gbogbo rẹ̀. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, ọwọ́ tó mọ̀ dáadáa, torí òun ló wà lára gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó wà lórí pákó ṣọ́ọ̀bù náà.

Mansur náà rí i. "Ọwọ́ Díjí nìyí," ó wí jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ yẹn sì burú ju ariwo lọ.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni Díjí dáhùn. "Àwọn oníbàárà mi ló ní kí n kọ ọ́. Mi ò lè dárúkọ wọn níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Jọmílójú kó gbogbo ìwé padà sínú àpótí, ó tì í, ó ní kò sí nǹkan tí yóò lọ sí Èkó títí òun yóò fi wádìí. Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, ó ní kó sọ fún òun nìkan.

Díjí da kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sórí pákó. "Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ. Bí mo bá tìtorí pé mo fẹ́ràn rẹ sọ ọ́, ọjọ́ wo ni mi ò ní sọ tìrẹ fún ẹlòmíì?"

"Ẹni tó fẹ́ tan èèyàn náà lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó lè sọ ọ́," ni Díjí wí, ó sì bá a gbé àpótí náà dé ibi tí yóò ti wọkọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó tú ìdì náà sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yí wọn wò lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi báírò kọ nǹkan wérewère sí, tó lọ́, tó tẹ̀, tó ní àmì tótòtó lórí.

Bàbá mú ọ̀kan, ó gbé e sókè, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀ kíá. "Tírà nìyí," ó wí. "Ó ti gbé e lọ kí wọ́n bá a kọ nǹkan sí i kí tirẹ̀ lè wọlé. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó kọ nítorí ìwọ?"

Ọkàn Jọmílójú rẹ̀wẹ̀sì. Ó rántí Binta àti ohun tó ń tì bọ abẹ́ híjáàbù, ó rántí bí òun ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pére gbàgbé ìbínú òun, ẹ̀rù sì bà á pé bóyá ìfẹ́ yìí kì í ṣe ti òun. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n omijé ló pọ̀ jù nínú àdúrà náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ìdì náà lọ sílé-ìwé, ó gbé e síwájú Áfáà Abdulmumini tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ó ní òun fẹ́ mọ irú tírà tó jẹ́, ó sì ròyìn bí Díjí ṣe kọ̀ láti dárúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀.

Áfáà wo ìwé náà, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i. "Ẹ dojú rẹ̀ dé, Tíṣà. Ibí yìí ni òkè." Ó kà á. "Kì í ṣe tírà. Orúkọ ni. Rodiyah." Ó mú òmíràn, ó yẹ ìyókù wò. "Èyí náà, orúkọ ni. Obìnrin ni gbogbo wọn. Mo mọ àwọn kan nínú wọn; ẹlẹ́hàá ni wọ́n, àwọn tó wà nínú ilé. Kéwú ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ, wọn ò mọ ìwé òyìnbó. Ẹnì kan ló bá wọn kọ iwájú, wọ́n wá fọwọ́ sí ẹ̀yìn fúnra wọn, kí ojú gbogbo ayé má baà tètè rí orúkọ wọn."

Ó ń kà á lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú ìwé kan sún mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Jọmílójú sì rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni.

"Ìyá mi nìyí," ni Áfáà wí. "Gbogbo ọdún tí mo ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì wáàsí lọ fún wọn, fíìmù ni wọ́n ń wò." Ó nu ojú rẹ̀. "Tíṣà, ọkùnrin tó gba orúkọ wọn tí kò pè é láàárín àwọn ọkùnrin, ó ṣe dáadáa. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é."

Ìtìjú mú Jọmílójú. Ẹsẹ̀ ló fi rin dé Táíwò Road. Ó bá Mansur àti àwọn yòókù níbẹ̀, ó sì sọ níwájú wọn pé òun ti wádìí: èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, olúkúlùkù ló fọwọ́ sí tirẹ̀, ìbò wọn yóò lọ, òun ò sì ní dárúkọ wọn.

"Díjí ti rí i rà," ni Mansur wí.

Binta wà lẹ́nu ọ̀nà, agbọ̀n tùràrí lórí. "Mansur," ó wí, "ta ló ń gbé kásẹ́ẹ̀tì dé àwọn ilé tí wọn kì í ti í jáde? Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé yín?"

"Ó tó, Àlàájà," ni Mansur wí kíá. "Ìbò dáa."

Nígbà tó ku àwọn méjì, Jọmílójú ní kí Díjí dárí ji òun. Òun rò pé tírà ni. Díjí ní tó bá jẹ́ pé òun mọ tírà ìfẹ́ kọ ni, òun kì bá tí ra ẹ̀pà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Jọmílójú rẹ́rìn-ín, kò gbé e mì.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, èsì jáde. Kì í ṣe Mopé, kì í ṣe Àsàbí. Ẹnì kẹta tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún ní ṣọ́ọ̀bù náà ló gbà á. Láti ọjọ́ náà ni Mansur àti Díjí ti di ọ̀rẹ́, torí àwọn méjèèjì jọ ń fura sí Èkó.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, Jọmílójú ti dúró níwájú bàbá rẹ̀. "Olóòótọ́ ni, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n." Bàbá ní kó wá.

Díjí wá lọ́sàn-án Sátidé kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́. Ó ti da ìkórè náà nìkan sínú rẹ̀, láìsí fíìmù. Bàbá ní kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n sì wò ó dé òpin. Ó di rímóòtù mú bí ẹni tó di pàṣán mú. Wọ́n wo ìsìn, wọ́n wo ọrẹ, wọ́n wo orin. Orin parí, Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga. Yanrìn funfun ló kún ojú tẹlifíṣọ̀n, kò sí nǹkan mìíràn.

Bàbá ń wo yanrìn náà, kò pa á.

"Arúgbó ọjọ́ yẹn," ó wí nígbà tó ṣe.

"Sà?"

"Èyí tó wà ní gáréèjì. Ṣé ó padà rí ọmọ rẹ̀?"

Díjí wo Jọmílójú, Jọmílójú wo ilẹ̀. "Mi ò ní sọ ọ́, sà. Ẹ ó wò ó fúnra yín."

Bàbá mi orí. "Lóòótọ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́." Ó pa tẹlifíṣọ̀n. "Mú fíìmù náà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Kí bàbá àti ìyá rẹ náà bá ọ wá, a ní ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá wọn sọ lórí ọmọ wa yìí."

Díjí tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti ń dìde nígbà tí Bàbá na ìka sí i.

"Kó sì pé pérépéré," ni Díákónì Adépọ̀jù wí. "Mi ò fẹ́ bá ìkórè ẹnikẹ́ni láàárín rẹ̀."