Aago Tí Bọ́látitó Fi Ránṣẹ́ láti Àbíjàn

Ọ̀kánjúà ò dáa, ẹ̀yin ará! Bọ́látitó ló tọ́ Fábọ̀sẹ̀ àbúrò rẹ̀ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Aṣọ tó ń tà l'Ábíjàn ló fi rán an lọ kọ́ṣẹ́ aago títún ṣe l'Éjìgbò. Lọ́dún 1974, ó fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí i. Àwọn tó ṣe aago náà ló rọ irin inú rẹ̀ fúnra wọn. Kò gba yíyí: bí ọwọ́ ẹni bá ti ń jù ló ń yí ara rẹ̀. Ọwọ́ aago dúdú ń ka wákàtí Èjìgbò, pupa ń ka ti Àbíjàn, tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn.

"Kí o lè máa mọ ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́," bẹ́ẹ̀ ló kọ sínú lẹ́tà.

Aago yìí kan náà ni Fábọ̀sẹ̀ gbé lọ bá Àjàní oníṣègùn ní Màsífà. Yàrá rẹ̀ ò ní fèrèsé, òórùn ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ kan.

"Ta lo mú wá?"

"Bọ́látitó, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, bàbá."

Àjàní rẹ́rìn-ín. Ó fa abẹ gba ọrùn ọwọ́ Fábọ̀sẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú irin aago.

"A kì í fọ́n àgbàdo kí adìẹ má sáré wá. Bọ́látitó, sáré wá!" Ó so aago mọ́ ọn lọ́wọ́. "Lọ́la, tó bá lu méjìlá ọ̀sán níbi tó wà, tí òjìji rẹ̀ kúrú sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Á kú, owó á dé. Tí o bá ṣi àsìkò pè, ìwọ ni aago yìí yóò jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, Fábọ̀sẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró títí ọwọ́ pupa fi kan méjìlá.

"Bọ́látitó! Bọ́látitó! Bọ́látitó!"

"Hùn-ún! Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti dé?"

Yéè! Lẹ́nu ọ̀nà ni ohùn ti wá.

"Ọdún Ògìyán ni mo bá wá. Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ilẹ̀ ṣú bá mi sí lánàá. Ṣílẹ̀kùn jàre!"

Ta ni ò mọ̀ l'Éjìgbò pé ará Àbíjàn kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀ wá ṣọdún? Ojúkòkòrò owó ni kò jẹ́ kí Fábọ̀sẹ̀ rántí. Méjìlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọjá láti wákàtí kan.

Aago bu ú jẹ. Irin inú rẹ̀ ń yí wìrìwìrì, ó ń lọ ẹran, ó ń lọ egungun, ó ń gun apá bọ̀. Fábọ̀sẹ̀ ké. Ó fa àdá yọ lábẹ́ tábìlì. Ó gé apá ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò já. Ó tún un gé.

Bọ́látitó fi èjìká já ilẹ̀kùn wọlé. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di kùkùté apá náà, ẹ̀jẹ̀ bò ó.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí?" Ó gbé orí àbúrò rẹ̀ lé itan, ó ń sunkún. "Dárúkọ ẹ̀ fún mi, ọmọ ìyá mi. Màá pa á."