Ewé Inú Agbọ̀n Eisaku

Orí afárá ni wọ́n ti pàdé. Tomiyo ru ewé tí kòkòrò ṣẹ́dà ń jẹ, Eisaku ń ti oko tábà bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ má fara kan ẹrù mi."

"Ṣé mo ń rùn ni?"

"Ẹ ń run tábà. Ẹ fẹ́ pa wá lébi ni?"

Eisaku rẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ afárá kí ọmọbìnrin náà lè kọjá. Ìfẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìfẹ́ tí kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rárá. Nílùú wa láàárín òkè, odò ló pààlà: àwa oníṣẹ́dà níhìn-ín, àwọn olóko tábà lọ́hùn-ún. Láti ayé àwọn baba wa, a kì í fẹ́ra. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ewé tí tábà bá kàn, májèlé ni fún kòkòrò.

Ìyá Tomiyo, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, gbọ́ sí i. "Ọmọ onítábà? Ṣé ọkùnrin ti tán láyé ni? Bí kòkòrò ìgbà ìrúwé yìí bá kú, o mọ ibi tí ò ń lọ."

Tomiyo mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ ìrànwú tó wà lẹ́yìn òkè ni, ibi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń ṣiṣẹ́ san gbèsè ilé wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò wa tó lọ síbẹ̀, ikọ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀.

Nígbà tí àwọn kòkòrò ku díẹ̀ kí wọ́n máa ranwú, tí wọ́n ń jẹun láìsinmi, òjò ṣú. Ewé tó tutù kì í bá wọn lára mu, ewé ilé sì ti tán. Ibà dá ìyá dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni Eisaku ti gbé agbọ̀n ewé tó já kí òjò tó rọ̀ dé.

"Mo ti wẹ̀ lódò, olólùfẹ́ mi. Iyanrìn ni mo fi fọwọ́. Aṣọ tuntun ni mo wọ̀."

Tomiyo gbé ewé náà símú, kò gbọ́ òórùn kankan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Ó da ewé sórí àtẹ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kòkòrò ti ń gbórí sókè, wọ́n ń bì. Ìyá fara wọ́ dìde, ó wo agbọ̀n. Agbọ̀n tábà ni. Ọmọkùnrin náà fọ gbogbo ara tán, ó gbàgbé ohun tó fi gbé e wá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Imú ẹ dà, Tomiyo?"

"Òórùn ẹ̀ ti mọ́ mi lára, Ìyá. Mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Ìyá ò lù ú. Ó jókòó sáàárín àwọn àtẹ, ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ tí aṣojú ilé iṣẹ́ ìrànwú wá mú Tomiyo, Eisaku sìn ín dé ẹsẹ̀ òkè.

"Màá hú tábà inú ìpín oko mi. Igi ewé ni màá gbìn. Tó bá fi máa dàgbà, wàá ti dé."

"Ìyá mi ni kó o gbìn ín fún," ni Tomiyo dáhùn. "Ẹ̀rù ń bà mí, Eisaku."

Ó hú u lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí igi dàgbà, ó ru ewé lọ sílé ìyá Tomiyo. Láti ìgbà òtútù ni eérú òkú Tomiyo, tí wọ́n sun nílé iṣẹ́, ti wà lórí pẹpẹ ilé.

Ìyá gbé ewé náà símú. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọlé, ọmọ mi. Ebi ń pa àwọn kòkòrò."