Ìjókòó Ìyá Àgbà

"Bushrah, bá mi ka ohun tó wà lára ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn, ó na tíkẹ́ẹ̀tì kan sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bushrah tún kà á: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn tuntun, Òkè-Àdó, Sátidé, ìjókòó iwájú. Abdulmajeed, ẹ̀gbọ́n Bushrah, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n bí ojú nígboro, àwọn ènìyàn wá a dé Mápó, wọn kò rí. Méjì péré ni wọ́n fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Majeed kó méjèèjì wá sílé, ọ̀kan fún Ìyá Àgbà tó tọ́ wọn dàgbà, ọ̀kan fún Bushrah tí yóò mú un lọ́wọ́ lọ.

"Dókítà ní ojú mi ò ní pẹ́ ṣú pátápátá," ni Ìyá Àgbà wí. "Kó tó ṣú, kí n ṣáà rí Majeed níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà tó mi."

Ṣùgbọ́n ní iléèwé, Comfort gbọ́. Comfort yìí ni gbogbo kíláàsì ń wá ojúure rẹ̀, kò sì kí Bushrah rí kó tó dọjọ́ náà.

"Mú mi lọ jàre," ni Comfort wí. "Kí ni màmá àgbà fẹ́ lọ ṣe níbi bọ́ọ̀lù? Ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ góòlù ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Bushrah, ká má purọ́. Síbẹ̀ ẹ̀rín ló rín, ó sì gbà.

Nígbà tó di Sátidé, Ìyá Àgbà ti wọ bùbá aláwọ̀ ewé, àwọ̀ ẹgbẹ́ náà, kí Majeed lè tètè dá a mọ̀.

"Ìyá Àgbà, wọ́n ti sún eré náà síwájú," ni Bushrah wí. "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́sìnnì iléèwé ni mò ń lọ."

Ìyá Àgbà tún bùbá rẹ̀ tò. "Kò burú. Mi ò tíì ní bọ́ aṣọ yìí ṣá, bóyá wọ́n á tún yí i padà."

Bushrah gbọ́, ó sì lọ.

Majeed ti ṣèlérí pé bí òun bá jẹ góòlù àkọ́kọ́, òun yóò dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó tọ́ òun. Bó ṣe jẹ ẹ́ báyìí, ó sáré tààrà síbi ìjókòó iwájú, ó fi àyà lélẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó gbórí sókè, Comfort ló rí, tó ń fi fóònù ya á, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Àgbà ń kọ́?" ni Majeed bi àbúrò rẹ̀.

"Ó wà nílé," ni Bushrah wí. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ Majeed kò mọ bọ́ọ̀lù mọ́ títí wọ́n fi parí.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Àgbà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nínú bùbá rẹ̀. Majeed dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ṣé wọ́n ti yí i padà ni?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Wọ́n ti gbá a tán, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà yíjú sí Bushrah. "Ìwọ náà lọ?"

"Mo lọ, mà."

"Ó dáa. Ṣé ó dùn?"

Èébú ni Bushrah ń retí. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kó bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ìyá Àgbà dárí jì í, ṣùgbọ́n àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ náà lọ gbá bọ́ọ̀lù káàkiri ìlú mìíràn, nígbà tí wọ́n sì fi padà sí Ìbàdàn, ojú Ìyá Àgbà ti ṣú. Comfort ti rí ẹlòmíràn tó ní nǹkan tó wù ú.

Tíkẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ báyìí, wọ́n ń tà á ní Ọjà'ba bí ẹní ta káàdì fóònù. Bushrah a máa ra méjì, a mú Ìyá Àgbà lọ́wọ́ lọ sí ìjókòó iwájú, a sì máa ròyìn fún un létí. Ọ̀rẹ́ tí a fi irọ́ rà kì í bá ni kalẹ́, ohun tí a sì fi du àgbà nígbà tó ṣì lè jẹ ìgbádùn rẹ̀, ẹkún kì í dá a padà. Bushrah mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí gbogbo ìgbà tí àwọn ènìyàn bá pàtẹ́wọ́, Ìyá Àgbà a fọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Majeed ni? Báwo ló ṣe rí?"