Ìyàwó Àkọ́sórí

Táì búlúù kan ni Sora kọ́kọ́ rí, kó tó di pé ohùn ẹni tó wọ̀ ọ́ da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lẹ́nu. Ogún èèyàn ló jókòó sí yàrá ìdánwò náà ní Incheon, kálukú pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu, tí gbogbo wọn ń sọ èdè Ṣáínà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ẹ̀rọ ní kí wọ́n sọ nípa ẹbí wọn. Ọkùnrin tó wà lápá òsì Sora fi igbe ta bí ẹni ń polówó ẹja.

"Mo ní ìyàwó kan, ọmọ méjì! Ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn dùùrù!"

Ẹ̀rín pa Sora, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fò lọ. Kó tó rí i mú, àkókò ti tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Qingdao nílẹ̀ Ṣáínà ni Sora ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: bí kò bá gba ipele kẹfà nínú ìdánwò èdè Ṣáínà yìí kí ọdún tó parí, kó wá iṣẹ́ mìíràn. Bó bá gbà á, Qingdao ni wọ́n máa gbé e lọ fún ọdún méjì.

Níta, ọkùnrin náà sáré tẹ̀lé e, ó mú kúkúndùnkún sísun tó ṣì ń gbóná dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Taegyu lorúkọ mi. Mo mọ̀ pé mo dí yín lọ́wọ́."

"Ẹ gbé e lọ fún ìyàwó yín."

"Ìyàwó wo?"

"Èyí tó bímọ méjì. Àbí ọmọ tó ń tẹ dùùrù kì í ṣe tiyín?"

Ojú ti Taegyu dé etí. "Tíṣà wa ló nìyàwó. Ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sójú pátákó, àwa sì kọ́ ọ sórí. Ọgbọ̀n la wà ní kíláàsì, ìyàwó kan náà ni gbogbo wa ní."

Sora rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ kúkúndùnkún náà.

Àwọn méjèèjì fìdí rẹmi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Taegyu kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan tí àwọn tó ń gbọ́ ìdáhùn fi mọ̀ pé àkọ́sórí ni. Ni wọ́n bá pinnu: ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọn á máa rìn létí òkun Wolmido, èdè Ṣáínà nìkan ni wọn á máa sọ, òótọ́ nìkan sì ni. Ibẹ̀ ló ti le. Taegyu sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe filé sílẹ̀. Sora sọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà á lójoojúmọ́ pé wọ́n máa lé òun. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìfẹ́ ti wọlé, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ìlú Bucheon ni Taegyu mú.

"Kí lẹ ń wá lọ sí Bucheon nígbà tí Incheon wà nílẹ̀?"

"Ohùn mi ti ba tiyín jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ mọ̀ pé bí mo bá yege, Qingdao ni o?"

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà yege."

Ẹkún gbọ̀n Sora, kò sun ún. Ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n tún béèrè nípa ẹbí. Àwọn tó yí i ká ń pariwo ìyàwó àti ọmọ. Sora kò wọ̀tún, kò wòsì.

"Ẹbí mi ò pọ̀. Ìyá mi ni, àti ọkùnrin kan tí kò tíì di ẹbí mi. Ó lọ ṣèdánwò ní ìlú mìíràn kí n lè gbọ́ ohùn ara mi."

Ó sọ ọ́ dópin kí àkókò tó tán. Ipele kẹfà ni wọ́n fún un. Taegyu gba ìkarùn-ún.

Ní èbúté, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Táì búlúù ìjọsí ni Taegyu wọ̀ wá.

"Mo tún ń ṣe é lóṣù tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá bi mí nípa ẹbí, kí ni kí n wí?"

"Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ."

"Mo fẹ́ sọ pé mo ní ìyàwó, ó wà ní Qingdao, ó máa padà wá bá mi. Sora, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ irọ́."

Sora nawọ́, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ náà, ó pa "ẹ̀yin" tì, ó mú "ìwọ".

"Sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má tíì dárúkọ ọmọ méjì. Kọ́kọ́ lọ ra dùùrù."