Ọjọ́bọ̀ Tí Ọkọ̀ Omi Kò Wá

“Bí ohunkóhun bá ṣe omi yìí, ìwé ni a ó kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ojú ẹnikẹ́ni.”

Olóyè Akínọ̀ṣọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìtura rẹ̀ ní Lekki. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara táǹkì gíláàsì ńlá tí ó gba ẹgbẹ̀rún méjìlá lítà omi òkun, níbi tí iyùn alààyè ti ń là bí òdòdó, tí àwọn ẹja aláwọ̀ ọsàn sì ń gba àárín wọn kọjá. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Tiwátọ́pẹ́ kò pàtẹ́wọ́. Ó fi ipò kìíní jáde nínú ìmọ̀ ẹja ní yunifásítì, ó sì fi ọdún mẹ́ta wá iṣẹ́ kí wọ́n tó fi ìtọ́jú omi náà lé e lọ́wọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ Olóyè sí ojú-ewé kìíní ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì kọ déètì sí i.

Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ó kọ́kọ́ rí Abdulmajeed.

Abdulmajeed ni awakọ̀ táńkà tí ń gbé omi òkun tútù wá láti Ìbẹ̀jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ti gbé rọ́bà lé èjìká, ó fẹ́ máa tú omi sílẹ̀, nígbà tí Tiwátọ́pẹ́ nawọ́ dá a dúró. Ọmọbìnrin náà bu omi sínú ìgò kékeré, ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

“Dókítà,” ni awakọ̀ náà wí, “ṣé aláìsàn yìí máa yè?”

“Mi ò tíì mọ̀. Ẹ dúró.”

“Mo ti dúró. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo omi mi báyìí rí. Ìyá mi gan-an ò wo ojú mi tó bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Tiwátọ́pẹ́, ó gbé e mì. Omi náà dára. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára.

Ìfẹ́ wọn kò pariwo wọlé. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, Abdulmajeed gbé àga wá kí Tiwátọ́pẹ́ lè jókòó kọ̀wé. Kí oṣù náà tó parí, awakọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n iyọ̀ inú omi. Ó béèrè oríkì rẹ̀, Tiwátọ́pẹ́ ní Àṣàkẹ́ ni. Láti ìgbà náà, bí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí, Àṣàkẹ́ ló ń pè é, ara ọmọbìnrin náà a sì yá gágá. Abdulmajeed sọ nípa ìyá rẹ̀, Sìdíkàt, tí ń ta ẹní ìkírun àti fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ní Jakande, Ìlasàn. Tiwátọ́pẹ́ sọ nípa ìyá tirẹ̀ ní Ajah, tí ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí kì í sì í wọ bàtà bí ó bá ti gbé aṣọ funfun tirẹ̀ wọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní rọrùn lójú ẹbí. Síbẹ̀ wọ́n fi àdéhùn sí oṣù tí ó tẹ̀lé Iléyá: àwọn ará ilé Abdulmajeed yóò wá tọrọ rẹ̀.

Oṣù kan ṣáájú Iléyá ni edé bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹja kò kú. Edé pupa tí ń tọ́ ara ẹja mọ́ ni, lẹ́yìn náà àwọn akàn wẹ́wẹ́ abẹ́ òkúta. Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni Tiwátọ́pẹ́ máa ń bá wọn, wọ́n á ti dojú ọ̀run, ẹsẹ̀ wọn á ti kákò. Ó tú asẹ́ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́. Ó lọ sí yàrá ẹ̀rọ, ó yẹ ẹ̀rọ tí ń mú omi hó bí ọṣẹ wò, èyí tí ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú omi gba rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ìfófó lè gbé ìdọ̀tí jáde. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Iyọ̀ pé, ooru pé. Ohun kan ṣoṣo ni ó mọ̀ pé ó ń wọ inú omi náà láti ìta, Ọjọ́bọ̀ ni ó sì ń wọlé. Ọkọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e wá.

Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un iye tí àgbà ń lò lẹ́ẹ̀kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro nǹkan tí kò rò tẹ́lẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni Abdulmajeed ń kọjá èbúté ọkọ̀ òkun dé ibi tí etíkun ti mọ́ kí ó tó fa omi? Àbí ẹ̀gbẹ́ èbúté ni ó ń dúró sí, níbi tí epo ọkọ̀ ti ń léfòó, kí ó lè tètè dé? Kí ló dé tí ó máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó yẹ omi wò? Nígbà tí ọ̀sẹ̀ Iléyá dé, Abdulmajeed wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò gbé omi wá, edé méjì sì tún kú. Tiwátọ́pẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ara rẹ̀ pé májèlé omi ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣì ń jà.

Ìyá rẹ̀ dé láti ilé ìjọsìn pẹ̀lú ìran. Wòlíì ti rí ọwọ́ kan.

“Ọwọ́ tí ń da nǹkan sínú omi rẹ ni wọ́n rí,” ni ìyá náà wí, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì dákẹ́. “Ta ló ń da nǹkan sínú omi rẹ, Tiwátọ́pẹ́?”

Orúkọ kan ṣoṣo ni Tiwátọ́pẹ́ mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn Iléyá, ó sọ fún Abdulmajeed pé òun fẹ́ bá a lọ wo òkun. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó fi ọṣẹ fọ iwájú ọkọ̀. Ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà fún un lójú ọ̀nà, ó bó ẹ̀pà náà fún un pẹ̀lú. Ó wakọ̀ kọjá èbúté, ó kọjá ibi tí epo ti ń léfòó, ó dé ibi tí iyanrìn ti funfun, ibẹ̀ ni ó ti fa omi. Ó yẹ kí ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fura kì í gba ẹ̀rí. Tiwátọ́pẹ́ rò ó pé nítorí pé òun wà níbẹ̀ lónìí ni. Bí Abdulmajeed ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó rọ omi rẹ̀ sínú ìgò méjì, ó fi wọ́n pamọ́ sínú báàgì. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó kọ gbólóhùn kan sínú ìwé: Mo fura sí omi awakọ̀.

Ó yẹ omi inú ìgò méjèèjì wò. Kò rí nǹkan kan. Ó kọ èyí náà sí ojú-ewé tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́.

Àwọn iyùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kákò, Olóyè sì ti ń béèrè pé ta ló jẹ̀bi. Madam Dúródọlá, tí ó jẹ́ alábòójútó ilé ìtura náà, ṣí ìwé náà, ó rí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, ó ya fọ́tò ojú-ewé náà, ó fi ránṣẹ́ sí Olóyè. Ọjọ́ Ajé, àṣẹ dé láti orí fóònù Olóyè pé awakọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá géètì mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún un ní gbangba, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Abdulmajeed dúró de Tiwátọ́pẹ́ níta.

“Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni.”

“Ọjọ́ tá a jọ lọ sétí òkun ńkọ́?”

Kò purọ́ fún un. Ó sọ̀rọ̀ ìgò méjèèjì. Ọkùnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń ka nǹkan.

“Mo bó ẹ̀pà fún ọlọ́pàá,” ni ó wí, ó sì lọ.

Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Jakande pé ẹnikẹ́ni nínú ilé òun kò ní lọ sí Ajah lọ tọrọ ọmọ tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ òun. Ní Ajah, ìyá Tiwátọ́pẹ́ tan àbẹ́là ọpẹ́. Láàárín àwọn ìyá méjèèjì, ọmọbìnrin náà ń sunkún, ó sì ń bínú sí ẹkún náà.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ọkọ̀ omi kankan kò wá. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, edé mẹ́ta dojú ọ̀run.

Tiwátọ́pẹ́ wọ yàrá ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fa afẹ́fẹ́, aáyán kan dojú ọ̀run, ẹsẹ̀ rẹ̀ kákò. Ó wò ó títí. Edé àti aáyán, ìbátan ni wọ́n; oògùn tí ó bá pa ọ̀kan kì í dá èkejì sí. Ọdún kejì ni wọ́n ti kọ́ ọ ní yunifásítì.

Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn agbálẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí ń fín oògùn kòkòrò a máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wákàtí kan lẹ́yìn tí Tiwátọ́pẹ́ bá ti lọ ilé. Wọ́n ń fín ín dé yàrá ẹ̀rọ, níbi tí rọ́bà ti ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú omi. Olóyè ló pàṣẹ rẹ̀, nígbà tí ẹ̀fọn jẹ àlejò rẹ̀ kan. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọn kò wá, Ọjọ́bọ̀ òjò ńlá tí omi di ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́.

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ Iléyá: ọkọ̀ omi kò wá, edé méjì kú. Ọjọ́bọ̀ òjò ńlá: ọkọ̀ omi wá, ohunkóhun kò kú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ méjèèjì, ó sì kọjá lórí wọn bí aláìmọ̀wé.

Ó fa ẹnu rọ́bà náà gba ojú fèrèsé jáde sí afẹ́fẹ́ mímọ́, ó da èédú sínú asẹ́ kí ó lè fa májèlé mu, ó ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ó sì gbé ìwé gan-an lọ bá Olóyè ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun tí ó ń wá kò pọ̀: kí Olóyè kà á, kí ó sì sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì tó sọ Abdulmajeed di apẹran-omi pé kì í ṣe òun ló ṣe é.

“Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán,” ni Olóyè wí. “A ti rí ẹni tó ṣe é.”

“Ẹ̀yin lẹ ní ìwé la máa kọ́kọ́ wò, sà.”

“A wò ó. Dúródọlá fi hàn mí.”

“Ojú-ewé kan ni wọ́n fi hàn yín. Méjìlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣí méjì tí mo fi bébà sí.”

Olóyè béèrè ohun tó wà nínú méjèèjì. Tiwátọ́pẹ́ sọ fún un láìgbé ohùn sókè: oògùn ẹ̀fọn, aago mẹ́rin, àṣẹ ta ni. Olóyè fi ìka kan ti ìwé náà lọ sí etí tábìlì.

“Ṣé èmi ni mo pa iyùn ara mi lo ń sọ?”

“Ohun tí ìwé sọ nìyẹn, sà.”

“Iṣẹ́ tìrẹ ni kí omi mọ́. Ètò ilé mi ò kàn ọ́.”

Tiwátọ́pẹ́ tọrọ bébà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó fi ìlà méjì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé àkọsílẹ̀ náà, ó sì jáde.

Jakande ni ó gbé ẹ̀dà lọ. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí kò ní í jẹ́ kí ọmọ òun nìkan lọ gba èébú; ó gun àkàsọ̀ àjà mẹ́ta pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán nínú aṣọ funfun. Sìdíkàt fún wọn ní àga àti omi, kò fún wọn ní ẹ̀rín. Abdulmajeed dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ilé-kéwú ni mo lọ, mi ò mọ ìwé yìí kà,” ni Sìdíkàt wí. “Kà á fún mi. Má fo nǹkan kan.”

Tiwátọ́pẹ́ kà á láti ojú-ewé kìíní. Ó ka ìwọ̀n iyọ̀, ó ka ìwọ̀n ooru, ó ka orúkọ Abdulmajeed ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí omi rẹ̀ dára. Nígbà tí ó kan ọ̀sẹ̀ Iléyá, Sìdíkàt gbé ọwọ́ sókè.

“Ọjọ́ yẹn, ibí ló wà. Òun ló gé ẹran fún mi.”

Ó ka ti òjò ńlá. Nígbà tí ó dé ibi gbólóhùn náà, ó gbé ojú kúrò lórí ìwé.

“Kà á,” ni Sìdíkàt wí.

“Mo fura sí omi awakọ̀.”

Tiwátọ́pẹ́ kò dúró; ó ka ojú-ewé tó tẹ̀ lé e, níbi tí ó ti kọ pé omi inú ìgò kò ní májèlé, ó ka ti edé mẹ́ta, ti aáyán àti ti oògùn aago mẹ́rin, títí ó fi parí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọwọ́ ni wòlíì rí,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Wọn ò rí ojú. Èmi ni mo fi ojú sí i. Ẹ máà bínú, ìyá Majeed.”

Sìdíkàt wo ẹsẹ̀ lásán obìnrin náà lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ó dìde, ó na ẹní ìkírun tuntun kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bojú wo ọmọ rẹ̀.

Abdulmajeed kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. “Bó o bá tún fura sí mi, bi mí,” ni ó wí.

“Màá bi ọ́.”

“Bi mí kó o tó kọ ọ́, Àṣàkẹ́.”

Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn ará ilé Abdulmajeed lọ sí Ajah, wọ́n sì tọrọ Tiwátọ́pẹ́. Abdulmajeed ń gbé omi mímu fún àwọn ilé ní Thomas Estate. Tiwátọ́pẹ́ tún ń wá iṣẹ́.

Ní Lekki, wọ́n fa rọ́bà náà padà sínú yàrá ẹ̀rọ, nítorí pé ó ba ẹwà ògiri jẹ́. Àwọn tí ń fín oògùn ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àwọn iyùn funfun bí eegun. Awakọ̀ tuntun, Shamsudeen, ti gbé omi wá fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Olóyè Akínọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ pè é, ó wo ojú rẹ̀, ó ní kí ó má padà wá mọ́. Kò wo ìwé.